Fọ́tò Kan Kò Mọ̀ Ju Ọjọ́ Kan Lọ

Ọ̀rọ̀ kan náà, ojú ọjọ́, ni Yorùbá fi ń pe ohun méjì tí òyìnbó ń pè ní weather àti climate. Òjò tó ṣú láàárọ̀ tí kò sì rọ̀ mọ́ nígbà tó dọ̀sán, ojú ọjọ́ ni. Bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe ń dé, bí ọyẹ́ ṣe ń pẹ́ nílẹ̀ tó, láti ìgbà tí àwọn bàbá wa wà lọ́mọdé títí di òní, ojú ọjọ́ náà ni. Àkọsílẹ̀ ọgbọ̀n ọdún ni àwọn onímọ̀ máa ń kó jọ kí wọ́n tó sọ pé báyìí ni ojú ọjọ́ ibì kan ṣe rí. Kámẹ́rà ńkọ́? Ẹ pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 200, kí ẹ mú ẹyọ kan níbẹ̀: kò ju ìyẹn lọ tí fọ́tò ọ̀sán gangan ń gbà. Ohun tó gba ọgbọ̀n ọdún la fẹ́ fi ohun tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan jẹ́rìí sí. Inú àlàfo yẹn ni gbogbo iṣẹ́ fífi fọ́tò jẹ́rìí sí àyípadà ojú ọjọ́ wà, ibẹ̀ náà sì ni irọ́ ti máa ń ráyè wọlé.

Àwọn àgbà ní ìròyìn ò tó àfojúbà. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò fi ń tètè wọ èèyàn lára ju nọ́ńbà lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dá wàhálà yìí sílẹ̀ gan-an, ojú kì í rí i. Afẹ́fẹ́ carbon dioxide kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Àwọn ilé gogoro onídìí fífẹ̀ ti iléeṣẹ́ iná mànàmáná tí ìwé ìròyìn máa ń gbé jáde, tí nǹkan funfun ń rú lórí wọn, oru omi ló ń jáde níbẹ̀, irú èyí tó ń jáde lẹ́nu ìkòkò àmàlà. Onífọ́tò kàn lọ dúró sí ibi tí oòrùn á ti wà lẹ́yìn oru náà lásìkò tó ń wọ̀, ó sì dúdú bí èéfín táyà. Òkun tó ń ga sí i náà ńkọ́? Láti 1901 sí 2018, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 ni òkun àgbáyé fi ga sí i. Láàárín 2006 sí 2018, mílímítà 3.7 ló ń fi kún un lọ́dún, èyí tí kò tó ìdajì ìbú ọmọńdinrín. Ìgbì kan ṣoṣo tó bá ya wá sí etíkun Èkó ga jù ú lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí kámẹ́rà tó lè ya mílímítà 3.7 láàárín ìgbì. Ọmọ tí wàhálà náà bí là ń yà, ọmọ ọ̀hún sì sábà máa ń ní ju bàbá kan lọ.

Béárì tó rù kan eegun

Ní oṣù Kẹjọ 2017, àwọn ayàwòrán méjì, Paul Nicklen àti Cristina Mittermeier, ká béárì funfun kan sínú fídíò ní erékùṣù Somerset, ní àríwá Kánádà. Ó rù kan eegun, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, ó ń wá oúnjẹ lórí ààtàn. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, ìwé ìròyìn National Geographic gbé e síta, wọ́n sì kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé báyìí ni àyípadà ojú ọjọ́ ṣe rí. Wọ́n fojú bù ú pé ó dé ọ̀dọ̀ èèyàn bílíọ̀nù méjì àtààbọ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹjọ ọdún tó tẹ̀ lé e, ìwé náà fúnra rẹ̀ ti jáde wá sọ pé àwọn ti kọjá àyè àwọn pẹ̀lú àkọlé yẹn. Ó lè jẹ́ ebi ló ń pa béárì yẹn, ó lè jẹ́ àìsàn, ó lè jẹ́ ogbó. Kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹjọ́ rere ni wọ́n lọ gbé ẹlẹ́rìí tí kò dá wọn lójú wá sí. Sátẹ́láìtì ti ń wọn yìnyín orí òkun àríwá láti 1979, ó sì ń dín kù lóòótọ́. Orí yìnyín yẹn ni béárì ti ń ṣọdẹ séálì, òótọ́ ni ìyẹn náà. Ká ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "A kò mọ ohun tó ń ṣe béárì yìí, ṣùgbọ́n bí yìnyín ṣe ń dín kù, irú ìran yìí á máa pọ̀ sí i," wọn ì bá má ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa padà kó jẹ. Ọdún méje ṣáájú ìgbà yẹn ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní oṣù Karùn-ún 2010, àwọn onímọ̀ 255 nínú ẹgbẹ́ akadá sáyẹ́ǹsì Amẹ́ríkà kọ lẹ́tà sínú ìwé Science láti gbèjà òtítọ́ inú iṣẹ́ ojú ọjọ́. Àwọn olóòtú wá fọ́tò béárì kan tó dá dúró lórí ègé yìnyín láti fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Àṣé àwòrán àlẹ̀pọ̀ ni, ẹnì kan ló fi kọ̀ǹpútà gé béárì lẹ̀ mọ́ yìnyín. Lẹ́tà tó ń sọ̀rọ̀ òtítọ́! Wọ́n yọ ọ́, wọ́n tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n àwọn alátakò ti rí ohun tí wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọdún púpọ̀.

Ká tilẹ̀ ní kò sí irọ́ nínú rẹ̀, béárì jìnnà. Ìwádìí tí ẹgbẹ́ Climate Outreach ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe, èyí tí wọ́n fi dá iṣẹ́ Climate Visuals sílẹ̀ ní 2016, fi hàn pé àwọn èèyàn á tètè mọ ohun tí fọ́tò béárì ń sọ, ṣùgbọ́n kì í mú wọn dìde. Èyí tó ń mú èèyàn dúró wò ni fọ́tò ènìyàn gidi, níbi tí wọ́n mọ̀, tí kò ṣe é bíi pé wọ́n tò ó fún kámẹ́rà. Ẹni tó ń gbé ní Bàrígà, ẹran inú sinimá ni béárì jẹ́ lójú tirẹ̀.

Ibi kan náà, ọjọ́ méjì

Fọ́tò kejì ló ń gba fọ́tò lọ́wọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Láti ìparí àwọn ọdún 1880 ni Sebastian Finsterwalder, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, ti ń gbé kámẹ́rà gun òkè Alps kó lè fi wọn gílásíà, ìyẹn yìnyín ńlá tó ń wọ́ sọ̀kalẹ̀ lára òkè bí odò tí kò kánjú. Èyí tí ayé mọ̀ jù lónìí ni ti Muir Glacier ní Alaska. William O. Field yà á ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ 1941: yìnyín kún àfonífojì náà láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Bruce Molnia lọ dúró síbi kan náà ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 2004: omi ló wà níbi tí yìnyín wà tẹ́lẹ̀, ewéko sì ti hù sára òkè tó wà níhòòhò. Ẹnu yìnyín náà ti sún sẹ́yìn ju kìlómítà 12 lọ, ó sì ti fi ohun tó ju mítà 800 fẹ́lẹ́ sí i.

Ẹ padà wo déètì méjèèjì. Oṣù Kẹjọ ni wọ́n, èèṣì sì kọ́. Ìgbà yẹn ni òjò dídì ọdún náà ti yọ́ kúrò lórí òkè, tí ohun tó kù fi jẹ́ yìnyín àtọdúnmọ́dún. Ẹni tó bá ya ọ̀kan nínú òtútù, tó ya ìkejì nínú ooru, ìgbà òtútù àti ìgbà ooru ló yà. Ẹni tó bá gbé odò Ọ̀ṣun inú oṣù Kẹsàn-án sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti oṣù Kejì, irú rẹ̀ náà ló ṣe, ìbáà jẹ́ ogún ọdún ló wà láàárín wọn.

Síbẹ̀, Muir gan-an ní bàbá kejì. Gílásíà tó bá ti ẹsẹ̀ bọ òkun máa ń ṣe bó ṣe wù ú. Ó lè jókòó jẹ́jẹ́ lórí òkìtì òkúta tó fúnra rẹ̀ wọ́ jọ, tó bá wá yọ̀ kúrò lórí rẹ̀ bọ́ sínú omi jíjìn, á bẹ̀rẹ̀ sí í ya lulẹ̀ kíákíá. Láti ọ̀rúndún kejìdínlógún ni yìnyín agbègbè Glacier Bay ti ń sún sẹ́yìn, kí èéfín iléeṣẹ́ tó gbòde kan. Nínú ọgbà kan náà, gílásíà Johns Hopkins ń sún síwájú fún ọ̀pọ̀ ọdún ọ̀rúndún tó kọjá. Ẹni tó bá gbé Muir nìkan lọ sípàdé, alátakò tó mọṣẹ́ rẹ̀ á gbé Johns Hopkins kò ó lójú, ẹnu á sì wọhò. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ ló sàn láti mú, kó sì pọ̀. Ohun tí iléeṣẹ́ ìwádìí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, USGS, ti ń ṣe láti 1997 nìyẹn ní Glacier National Park ní Montana: wọ́n ń mú fọ́tò àtijọ́ látinú àkójọ, wọ́n ń wá ibi tí ayàwòrán náà dúró sí kàn, wọ́n ń tún un yà. Gílásíà kan lè ní ìwà tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ gílásíà tó ń sún sẹ́yìn pa pọ̀ kò lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwà.

Ní ti ayàwòrán James Balog, fọ́tò méjì kò tó o. Ní 2007 ó bẹ̀rẹ̀ Extreme Ice Survey: ó kó kámẹ́rà sínú àpótí, ó so wọ́n mọ́ àpáta ní Greenland, Iceland àti Alaska, ó fún wọn ní bátìrì àti pánẹ́ẹ̀lì sólà, pẹ̀lú aago kékeré tó ń tẹ̀ wọ́n léraléra níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Lẹ́ǹsì kọ́ ló kọ́kọ́ bàjẹ́, aago kékeré yẹn ni. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ohun tó wọ́n jù nínú ẹrù kì í sábà dá iṣẹ́ dúró, wáyà àti bátìrì ló ń dá a dúró.

Ọ̀nà mìíràn láti kúrò lọ́wọ́ ọjọ́ kan ni sátẹ́láìtì. Landsat àkọ́kọ́, sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà tó ń ya ilẹ̀ láti òkè, gbéra ní oṣù Keje 1972, àwọn tó tẹ̀ lé e kò sì tíì dáwọ́ dúró. Adágún Chad ni a mọ̀ jù lápá ọ̀dọ̀ tiwa. Ní 1963, ó fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà onígun mẹ́rin 25,000. Nínú àwòrán 2001, ohun tó kù kò ju nǹkan bí 1,350 lọ. Wọ́n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gbogbo èèyàn sì gbà pé adágún náà kò ní pẹ́ di ìtàn. Òótọ́ ni pé ó fà. Ṣùgbọ́n àárín ọdún tí òjò pọ̀ gan-an ni 1963 bọ́ sí, nítorí náà orí òkè ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ọ̀dá àwọn ọdún 1970 àti 1980 ló fa èyí tó pọ̀ jù, omi tí wọ́n ń fà sí oko náà sì dá kún un. Láti àwọn ọdún 1990, ó ti padà gbà díẹ̀. Èyí tó wá burú jù ni pé ewéko bo ibi tó pọ̀ nínú omi náà, tí sátẹ́láìtì sì ń kà á sí ilẹ̀. Apẹja tó wa ọkọ̀ rẹ̀ gba inú pápírọ́ọ̀sì mọ̀ pé omi ló wà nísàlẹ̀, ẹni tó ń wo àwòrán ní Àbújá kò mọ̀. Ká má tíì wá sọ ti àwọ̀: nínú ọ̀pọ̀ àwòrán Landsat, pupa ni wọ́n fi ewéko hàn, nítorí ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn kì í rí ni wọ́n fi yà á. Ẹni tí wọn kò ṣàlàyé fún á rò pé iná ló ń jó.

Etíkun tiwa

Ilé wa ni ọ̀rọ̀ ọmọ oníbàbá púpọ̀ ti le jù. Ẹ mú Bar Beach. Láàárín 1908 sí 1912, ìjọba amúnisìn kọ́ àwọn ògiri òkúta sí ẹnu omi Èkó kí ọkọ̀ ojú omi lè máa wọlé. Láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn ni yanrìn ń rìn ní gbogbo etíkun yìí. Ògiri náà dá a dúró: yanrìn kún Lighthouse Beach lápá kan, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach lápá kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣẹlẹ̀ ní Tógò: èbúté Lomé tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1960 dí yanrìn lọ́nà, dáàmù Akosombo tí wọ́n parí ní 1965 ní Gánà dá èyí tí odò Volta ń kó bọ̀ dúró, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ilé mì ní Agbodrafo àti Aného. Tí ẹ bá ya ilé tó wó sínú òkun níbẹ̀, tí ẹ kọ "àyípadà ojú ọjọ́" sábẹ́ rẹ̀, ẹ ti dá èbúté àti dáàmù láre láìgbọ́ ẹjọ́.

Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìlú tí àwọn ẹlẹ́sìn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, ni òkun ń jẹ tó sì ń dun gbogbo wa lónìí. Ilé, ilé ìwé, ojú títì ti wọ omi. Ẹrẹ̀ ni etíkun ibẹ̀ láti Mahin lọ, kì í ṣe yanrìn, ẹrẹ̀ kì í sì í bá ìgbì jìjàkadì. Wọ́n ti gbẹ́ ọ̀nà omi fún iṣẹ́ epo rọ̀bì lágbègbè náà, iyọ̀ òkun ń gbabẹ̀ wọ inú ilẹ̀. Òkun àgbáyé náà sì ń ga. Gbogbo wọn wà nínú fọ́tò kan náà, kò sì sí èyí tó kọ orúkọ sára.

Kí ará ìlú tó fẹ́ fi fóònù jẹ́rìí wá ṣe báwo? Ẹ kọ́kọ́ wá ibi ìdúró. Etí omi gan-an kọ́, nítorí òkun á gbé àmì yín lọ kí ọdún tó yí po. Ẹ sún sẹ́yìn dáadáa, kí ẹ yan ibi mẹ́ta, kí ọ̀kan máa wà tí méjì bá lọ. Níwájú kámẹ́rà, ẹ gbọ́dọ̀ rí ohun mẹ́ta ó kéré tán tí kì í ṣípò: igun ṣọ́ọ̀ṣì, òpó iná onísìmẹ́ǹtì, máàsìtì. GPS fóònù lè fi mítà mẹ́ta sí márùn-ún ṣìnà, nítorí náà kò tó. Ẹ fi téèpù wọn ibi ìdúró náà sí nǹkan méjì tó dúró ṣinṣin, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹnì kan sì ya fọ́tò yín níbi tí ẹ dúró sí. Ìwé ló ń sọnù, fọ́tò ẹni tó dúró níbẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn ṣìnà.

Ẹ gé páìpù mítà kan àtààbọ̀, kí ẹ máa gbé fóònù lé e lórí nígbàkigbà, kí gíga má baà yí. Ẹ dá fóònù bùlẹ̀, kí ibi tí òkun ti pàdé sánmà tẹ́ bí ojú tábìlì. 1x ni kí ẹ lò, ẹ má sún un mọ́ra, ẹ má sì tẹ 0.5x. Lẹ́ǹsì 0.5x ń fẹ ilẹ̀ iwájú, ó ń lé òkun jìnnà. Lẹ́ǹsì tó ń fà á mọ́ra á gbé òkun lé orí òrùlé tó fi ọgọ́rùn-ún mítà jìnnà sí i. Kò sí èyí tó pa irọ́ nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn kò ṣe é fi wéra. Ẹ kun igi mítà méjì ní pupa àti funfun ní sẹ̀ǹtímítà 20-20, kí ẹ gún un mọ́lẹ̀ síbi kan náà nínú fọ́tò, kí ojú lè rí ohun tó máa fi wọn nǹkan.

Ti àsìkò ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Láàárín kíkún àti fífà òkun lápá ọ̀dọ̀ wa, ìyàtọ̀ kì í sábà ju mítà kan lọ, ó sì dà bíi pé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá fi mítà kan péré ga fún gbogbo mítà 40, ìdajì mítà omi á wọlé ní mítà 20. Ẹni tó yà á nígbà tí òkun fà lọ́dún yìí, tó yà á nígbà tó kún lọ́dún tó ń bọ̀, á sọ pé òkun jẹ mítà 20 nígbà tí kò jẹ nǹkan kan. Ẹ wo àtẹ ìgbì omi, kí ẹ mú ìgbà tó fà tán. Ẹ mú oṣù kan náà pẹ̀lú. Ní àsìkò òjò, ìgbì ńlá ń ti gúúsù Àtìláńtíìkì wá kó yanrìn lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, apá kan rẹ̀ á padà. Ìwọ̀ oòrùn gúúsù ni etíkun Ìlàjẹ kọjú sí, nítorí náà àárọ̀ ló dára, láti ọ̀sán gangan sí ìrọ̀lẹ́, oòrùn á máa wọ̀ yín lójú.

Nígbà tí ẹ bá padà lọ, ẹ gbé fọ́tò ti tẹ́lẹ̀ dání. Ẹ wo ohun tó wà nítòsí àti èyí tó wà lọ́nà jíjìn lẹ́yìn rẹ̀, bí òpó iná àti igun òrùlé. Tí òpó bá ti yẹ̀ sí òsì igun náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ ti dúró sí ọ̀tún jù. Ẹ sún sí òsì títí wọ́n á fi bára mu. Ọ̀nà tó rọrùn sí èyí ti wà ní Ọsirélíà láti 2017, CoastSnap: wọ́n kan irin kékeré kan mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà etíkun, ẹnikẹ́ni tó ń kọjá á gbé fóònù sínú rẹ̀, á yà á, á fi ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà á sì fi àwọn àmì tí wọ́n ti wọ̀n tẹ́lẹ̀ tún un tò. Kò sí nǹkan nínú irin yẹn tí alúrinmọ́rin Ìgbókòdá kò lè ṣe.

Ohun tí kì í hàn

Ooru ni aláìlójú jù nínú gbogbo wọn. Olùwádìí kan, Saffron O'Neill, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìròyìn ooru ọdún 2019 wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jámánì àti Netherlands: ọ̀rọ̀ inú ìròyìn ń sọ ewu, fọ́tò ń fi àwọn tó ń ṣeré lódò hàn. Tiwa kò yàtọ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì 2024, a gbá àṣekágbá AFCON pẹ̀lú Ivory Coast ní Abidjan (ẹ jẹ́ ká fi èsì rẹ̀ sílẹ̀). Ẹgbẹ́ World Weather Attribution, àwọn onímọ̀ tó ń wá ipa àyípadà ojú ọjọ́ nínú ooru tàbí òjò kan pàtó, ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn náà pé ooru olómi ọjọ́ wọ̀nyẹn ní apá gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń ṣe ara èèyàn bí 50 dígírì, àti pé àyípadà ojú ọjọ́ mú kí irú rẹ̀ ṣeé ṣe ní ìlọ́po mẹ́wàá. Àwọn fọ́tò ọjọ́ náà? Bọ́ọ̀lù, ìdùnnú, ẹkún. Ẹni tó bá fẹ́ ya ooru, kó ya ohun tó ń ṣe fún èèyàn: ẹní tí wọ́n tẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní aago méjì òru nítorí pé páànù ti sọ yàrá di ààrò, ọmọ tó sùn lórí sìmẹ́ǹtì lásán, òǹkà ooru tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri kí nọ́ńbà rẹ̀ hàn nínú fọ́tò náà.

Ti omíyalé kò ṣòro rí, ọ̀wọ̀ ló máa ń ṣòro nínú rẹ̀. Ní 2022, ó pa èèyàn tó ju 600 lọ ní Nàìjíríà, ó lé nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.4 kúrò nílé. Èyí tó pọ̀ jù nínú fọ́tò rẹ̀ wá láti òkè, láti ara dúróònù: Lọ́kọ́ja, òrùlé, omi aláwọ̀ ilẹ̀. Ó ń fi bí omi ṣe gbilẹ̀ tó hàn, kò sì fi ẹnì kan hàn. Gideon Mendel, ayàwòrán ọmọ South Africa, ń ṣe òdìkejì rẹ̀ láti 2007. Ó bá àwọn ará Bayelsa padà sílé wọn nínú omi 2012, ó sì tún padà lọ ní 2022. Wọ́n dúró jẹ́jẹ́ níwájú ilé ara wọn, omi dé àyà, wọ́n tẹjú mọ́ lẹ́ǹsì. Wọn kò sunkún, wọn kò nawọ́ bẹ ẹnikẹ́ni. Ojú tí èèyàn fi ń ya fọ́tò ọjọ́ ìbí ni wọ́n gbé sí i, inú omi náà sì ni wọ́n wà. Kí a tó gbé kámẹ́rà sókè níbi báyìí, "ẹ kú ewu, ẹ kú ìrọ́jú" ló kọ́kọ́ yẹ kó ti ẹnu jáde, lẹ́yìn náà ìbéèrè bóyá wọ́n fẹ́, àti ibi tí fọ́tò náà ń lọ. Ẹni tí omi gbé gbogbo álíbọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ, ẹ tẹ ẹ̀dà kan fún un.

Níbẹ̀ náà, bàbá púpọ̀ ló wà: Kamẹrúùnù ṣí omi dáàmù Lagdo, dáàmù Dasin Hausa tó yẹ kó gbà á ní Adamawa kò tíì sí, àwọn èèyàn kọ́lé sójú omi. Ṣùgbọ́n òjò náà ní tirẹ̀: World Weather Attribution rí i pé àyípadà ojú ọjọ́ mú kí irú òjò àsìkò yẹn ní agbègbè Adágún Chad ṣeé ṣe ní ìlọ́po 80, ó sì fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún kún un. Ibi tí nọ́ńbà báyìí ń gbé ni ìsàlẹ̀ fọ́tò. Ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò tó dára máa ń sọ ibi, ọjọ́ àti aago, á sọ ohun tí ojú rí, á wá sọ ohun tí àwọn tó wọ̀n ọ́n rí, á sì dárúkọ àwọn bàbá yòókù. Ìlà mẹ́ta tó fún un.

Fọ́tò gómìnà tó wọ bàtà òjò, tó ń pín àpò ìrẹsì? Ẹ fi sílẹ̀. Ìwádìí O'Neill ní 2013 ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ọsirélíà fi hàn pé ojú olóṣèlú máa ń mú kí ọ̀rọ̀ náà fúyẹ́ lójú àwọn èèyàn. Fọ́tò ìparun ń mú kó wúwo, ṣùgbọ́n ó ń sọ wọ́n di ẹni tí apá rẹ̀ ká nǹkan kò. Èyí tó ń mú wọn rò pé àwọn lè ṣe nǹkan ni fọ́tò iṣẹ́ àtúnṣe, bíi sólà lórí òrùlé.

WhatsApp ni púpọ̀ nínú fọ́tò wọ̀nyí ń bá rìn, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń sọ déètì àti ibi tí wọ́n ti yà wọ́n nù. Tí ẹ bá ń fi ojúlówó ránṣẹ́, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi fáìlì, ní "document", kì í ṣe bíi fọ́tò. Ní gbogbo ọdún tí omi bá ya, fọ́tò ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn máa ń tún jáde pé ti àná ni. Ẹ jù ú sínú Google Lens tàbí TinEye, tó ń wá ibi tí fọ́tò kan ti jáde rí, ẹ wo pátákó ṣọ́ọ̀bù, ẹ wo nọ́ńbà ọkọ̀, ẹ wo òjìji bóyá ó bá aago tí wọ́n sọ mu.

Àkójọ tó níye lórí jù tí a ní wà lábẹ́ ibùsùn àwọn ìyá wa. Ẹ wo iye èèyàn tó ya fọ́tò ní Bar Beach lọ́jọ́ Ọdún Àjíǹde, lórí ẹṣin, pẹ̀lú ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàǹgbà. Ẹ̀yìn wọn ni òkun wà, pẹ̀lú iye yanrìn tó wà láàárín. Kò sẹ́ni tó pinnu láti ya yanrìn náà, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà á gbọ́. Ẹ fi skáńà gbà á ní 600 dpi, ẹ má gé etí rẹ̀ kúrò, ẹ má jẹ́ kí áàpù kankan tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe. Ẹ bi ẹni tó wà nínú rẹ̀ léèrè ibi tó dúró sí, nígbà tó ṣì lè dáhùn. Kí ẹ tó dá a padà sínú álíbọ́ọ̀mù, ẹ yí i, kí ẹ gba ẹ̀yìn náà pẹ̀lú: níbẹ̀ ni òǹtẹ̀ onífọ́tò wà, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n fi bírò kọ.